Tíì Tí Mo Ń Pò Fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fẹnu kò. Ẹ pe ìpàdé yìí láti gba ọmọ lọ́wọ́ àbúrò mi, nítorí ẹ gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú. Bàbá wa àgbà ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ pé ejò lọ́wọ́ nínú. Ọwọ́ náà rèé, mo nà án síwájú yín. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, mo ti ba ayé ẹni méjì jẹ́ nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù ìdirun mi ló ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń di irun wẹ́wẹ́ bíi tirẹ̀, àmọ́ orí kan lè gba odidi ọjọ́, ìdúró ló sì fi ń ṣe é. Lẹ́yìn tó bímọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lórí ìdúró, àwọn oníbàárà sì ń kùn. Ọkùnrin tó ń kó irun wá tà fún wa ló fún mi ní ike hóró oògùn kan. Ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ̀ ọ́ sínú tíì rẹ̀. Oorun ò ní kùn ún mọ́.” Mo bi í bóyá kò ní pa á lára. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun jọ apànìyàn ni. Èmi aláìnírònú, mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì ń lọ hóró kan sínú tíì àbúrò mi láràárọ̀ láì sọ fún un.

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó ń kọrin, ó ń fi àwọn oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń yìn mí pé tíì mi dára. Nígbà tó yá, hóró kan kò ràn án mọ́, mo sọ ọ́ di méjì. Ọjọ́ tí mi ò bá pò ó, yóò kàn jókòó, yóò máa wo ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ kan, kò dá a lóhùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọmọ yìí, àmọ́ mi ò rí ìfẹ́ náà nínú ara mi mọ́.” Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Kí wá ni mo ṣe? Mo tún lọ po tíì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò. Orí mímọ́ tónítóní, yóò ní iná orí ń rìn níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ìyàwó télọ̀ kan tó wá dirun mú, ó ń fi ìdí òòyà wa awọ orí rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn dé ọrùn. A já obìnrin náà gbà tipátipá. Ni àbúrò mi bá yíjú sí ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó ní wọ́n ti dé orí ìyẹn náà. Mo gbé ọmọ sá jáde.

Èyí tó burú jù rèé. Nílé ìwòsàn, dókítà bi mí bóyá ó ń lo nǹkan kan. Àbúrò mi ń sunkún pé òun ò lo nǹkankan rí, òótọ́ tó mọ̀ ló ń sọ. Mi ò wojú rẹ̀. Mo ní, “Rárá o, dókítà. Látìgbà tó ti bímọ ló ti ń ṣe báyìí.” Orí irọ́ yẹn ni gbogbo yín jókòó lé lónìí.

Àná ni mo padà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó ní oje kan wà nínú ọpọlọ tó ń mú kí nǹkan wù wá, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń sun, bí a bá jẹun, bí ọmọ wa bá rẹ́rìn-ín. Oògùn yẹn ń tú u dà lẹ́ẹ̀kan náà, àpọ̀jù rẹ̀ ló sì ń fi kòkòrò hàn án. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, ọpọlọ á máa ti ilẹ̀kùn tó fi ń gba oje náà, bí a ṣe ń ti fèrèsé tí ariwo bá pọ̀. Ẹ̀rín ọmọ á wá kanlẹ̀kùn, kò ní sí ẹni tó máa ṣí i. Mo bi í bóyá yóò tún ṣí. Ó ní ó sábà máa ń ṣí, àmọ́ ó máa ń pẹ́, òun ò sì lè búra.

Ẹ má gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ náà ló máa kan ilẹ̀kùn yẹn títí yóò fi ṣí. Ẹ wá ẹni tó máa wà pẹ̀lú wọn, kí ó má sì jẹ́ èmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní òun ní ohun tí kì í jẹ́ kó rẹ ènìyàn, ẹ sá fún un, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.

Àbúrò mi, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ kan tí mo bu omi lásán fún ọ, tí o gbà á, tí o sì mu ún láì kọ́kọ́ wo inú ife, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n wà láàyè láti rí i.