Ilẹ̀kùn Tí Lámídì Kàn Kí Wọ́n Tó Fi Mí Fún Un

Nígbà tí mo ṣì ń dirun ṣùkú, tí kò tíì sí ọmọ tó ń pè mí ní ìyá, káfíńtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin níbí, ní Ọ̀fà. Lámídì lorúkọ rẹ̀. Afọ́jú ni. Bàbá bàbá yín ni. Ràfíù, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi, mi ò ní pariwo.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi fídíò hàn mí láàárọ̀, ọkùnrin afọ́jú kan ń rẹ́ pákó. Símbíà ní irọ́ ni, ó ní ọkùnrin náà ríran, wọ́n kàn ń fi tan èèyàn ni. Ó dáa. Símbíà, o jọ mí. Èmi náà kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ẹni tó bá wá tún iná ṣe nínú ilé yìí, mo máa ń jókòó tì í títí tó fi máa lọ. Ṣùgbọ́n ìfura náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ gbọ́.

Ilẹ̀ẹ́gbóná ló gba ojú Lámídì ní kékeré, ní Òjòkú. A kì í pe àìsàn yẹn lórúkọ nígbà náà. Káfíńtà kan mú un, ó kọ́ ọ níṣẹ́, Lámídì sì wá gba ṣọ́ọ̀bù níbí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìyá mi ló ní kí n gbé àpótí ìdáná lọ tún ṣe. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án o! Ó ní, "Ẹsẹ̀ kan ti kúrú lára àpótí yẹn. Èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ ni."

Háà! Mo gbé àpótí, mo sá.

Ojú ọ̀nà ni mo ti ń bi ara mi léèrè. Ṣé àpótí náà kò ṣe kọ́-kọ̀ọ́ nígbà tí mo gbé e kalẹ̀? Ṣé etí kò lè gbọ́ ìyẹn? Mo padà lọ. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe àpótí ilé wa tó ń bàjẹ́ báyìí?" Mo ní mi ò mọ̀.

Nígbà tí Lámídì rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi, ilé gbóná. Bàbá mi ń kó iṣu lọ sí Èkó nínú ọkọ̀ ojú irin. Kì í gba iṣu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ṣẹ́ ẹ wò. Bó ṣe ń fura sí iṣu náà ló ń fura sí èèyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sáràtù, burú jù ú lọ. Áṣáà kì í kúrò nímú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Sáràtù ní, "Afọ́jú tó ń kan ilẹ̀kùn? Bí kò bá ríran, ẹlòmíràn ló ń bá a kàn án. Bó bá ríran, ẹ̀tàn ni. Bí afọ́jú bá ní òun máa sọ ọ́ lókò, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Òun nìkan kọ́. Àdúgbò ń sọ ọ́. Wọ́n ní bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, Lámídì máa ń dá hámà dúró. Wọ́n ní kí ló ń dúró wò? Wọn ò mọ̀ pé ariwo ọkọ̀ ló ń dí i létí. Ohùn ìṣó tó ń wọlé ṣánṣán yàtọ̀ sí ohùn ìṣó tó ti ń tẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ohùn ìṣó, kò ní lù ú. Àmọ́ ta ló bi í? Ẹni tó ń fura kì í béèrè… ó ti ní ìdáhùn tirẹ̀ lápò.

Bàbá mi wá ní, "Kó wá kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Lójú mi. Bó bá wọ̀, a ó sọ̀rọ̀. Bí kò bá wọ̀, kó má tún gba iwájú ilé mi kọjá."

Ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ má rò pé èmi kò fura sí i. Bí kò bá ríran, ṣé ilẹ̀kùn á wọ̀? Bó bá sì ríran, kí ni nǹkan mìíràn tó ń fi pa mọ́ fún mi? Ọkùnrin tó lè fi ojú pa mọ́, ìyàwó kò ní ṣòro fún un láti fi pa mọ́.

Ó dé láàárọ̀, òun àti pákó igi àpá rẹ̀, tí ìyẹ̀fun ilé ìlagi ṣì bò. Àwa náà jókòó yí i ká. Ìyá Sáràtù fa àpótí síwájú rẹ̀ gan-an, ó yọ ahọ́n sí i. Àgbàlagbà o! Lámídì kò mira. Ó na ọwọ́ sí férémù ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ìyá Sáràtù fò sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní òun fẹ́ wò ó! Afọ́jú ń wo nǹkan!"

Lámídì ní, "Màmá, ẹ̀yin náà tọ́ ọbẹ̀ wò láàárọ̀. Ṣé ojú lẹ fi tọ́ ọ?"

Mo fi ìborùn dí ẹnu mi. Bàbá mi wú ikọ́, àmọ́ ẹ̀rín ló wà nínú ikọ́ yẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò lo téèpù. Okùn ni. Ó na okùn sí férémù, ó so kókó síbi tí gíga rẹ̀ parí sí, ó so òmíràn fún ìbú. Okùn yẹn náà ló gbé lé orí pákó. Ẹ̀yin onítéèpù, ẹ óò ka nọ́ńbà lára ògiri, kí ẹ tó dé ìdí pákó ẹ ti gbàgbé. Kókó kì í gbàgbé. Kò fi pẹ́ńsù sàmì, ọ̀bẹ ló fi fa ilà, kí èékánná rẹ̀ lè já sínú rẹ̀. Ó de igi gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilà náà, kí ayùn fara tì í. Ibo ni ayùn fẹ́ yà sí? Bó bá sì fẹ́ kan ìṣó, á ki ìṣó sáàárín eyín òòyà, á wá di òòyà mú láti ọ̀ọ́kán. Hámà kò mọ ibi tí ìka rẹ̀ wà.

Gbogbo irinṣẹ́ ló tò sórí àpò, kálukú ní ipò tirẹ̀. Ìyá Sáràtù rí ìyẹn. Ó rọra fi ẹsẹ̀ fa hámà kúrò. Lámídì nawọ́, kò bá a. Ó dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi dá hámà mi padà."

"Ta ló ní èmi ni?"

"Òórùn áṣáà ti kúrò níwájú mi, ó ti dé ibi àpò."

"Ó rí mi! Mo sọ fún yín, ó rí mi!"

Ṣé ẹ rí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀? Gbogbo wa ló tẹjú mọ́ ẹyinjú rẹ̀. Bàbá mi ń wo ojú. Èmi ń wo ojú. Kò sẹ́ni tó wo pákó.

Ó gbé ilẹ̀kùn náà kọ́. Bàbá mi ṣí i, ó tì í. Kò dún. Kò fà nílẹ̀. Ó jókòó sínú férémù bí ìdérí lórí ìkòkò tirẹ̀. Mo ní alihamudulilai nínú mi. Àṣé mo yára.

Bàbá mi ní, "Ilẹ̀kùn dára. Ó dára jù. Ọkùnrin yìí ríran. Mi ò lè fọmọ mi fún òpùrọ́."

Lámídì nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá ṣe é tó dáa, òpùrọ́ ni mí. Bí mo bá ṣe é tí kò dáa, mi ò lè bọ́ ìyàwó. Èwo lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Bàbá mi tún ṣí ilẹ̀kùn, ó tún tì í. Omi ti lé sí mi lójú. Lámídì ní òun kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, ẹ jẹ́ kí òun fi àdí pa á, kí òun máa lọ. Ó ki àkísà bọ inú àdí. Ó nu ilẹ̀kùn náà látòkè délẹ̀. Ìyẹ̀fun lọ… àwọ̀ igi bá yọ jáde.

Ẹ̀yin ọmọ mi! Inú igi àpá pupa. Ẹ̀yìn igi rẹ̀ funfun. Káfíńtà tó lójú á kó pupa mọ́ pupa, á yọ funfun sọ nù. Lámídì ti to pupa kan, funfun kan, pupa méjì, funfun, àbọ̀ pupa, bí aṣọ òfì tí ẹni tó ń tòògbé hun.

Ìyá Sáràtù ló kọ́kọ́ rí i. Ó lanu, ẹ̀rín gbé e ṣubú. "Yéè! Ẹ wo ilẹ̀kùn o! Kò sí olójú tó lè ṣe èyí! Afọ́jú ni! Wọlahi, afọ́jú pátápátá ni!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pè mí, ó ní, "Máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa máa yan aṣọ fún ọ o!"

Bí wọ́n ṣe fi mí fún un nìyẹn. Mo bá a gbé, mo sì kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lónìí tí ojú tèmi náà ti ń ṣú, ta ló ń bá mi kan nǹkan? Èmi ni. Mo ń fi àbẹ́là pa ẹnu ìṣó tí à ń fi irin yí, kí ó lè rọrùn láti wọlé. Mo ń kan ìka mọ́ igi, kí n gbọ́ bóyá ikán ti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń wò ó bóyá ó tẹ́jú, torí àtẹ́lẹwọ́ ti yi. Ohun tó bá sì kan iná, mi ò jẹ́ dé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi tún irinṣẹ́ mi tò o! Ẹni tó bá sún hámà afọ́jú, olè ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé ló ń gbá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn. Inú igi wúwo ju ẹ̀yìn igi lọ. Èmi gan-an ti mọ̀ ọ́n báyìí, bí mo bá gbé e. Ọjọ́ kan, a ti bímọ, mo kó ègé àpá méjì fún Lámídì. Mo ní, "Kí lèyí?" Kò tiẹ̀ rò ó. Ó ní, "Inú igi nìyí, ẹ̀yìn igi nìyẹn."

Mo ní, "Háà! O mọ̀! O mọ̀ lọ́jọ́ náà!"

Ó ní, "Inú àti ẹ̀yìn ni mo mọ̀. Ta ló sọ fún mi pé inú pupa?"

Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín wo nìyẹn? Ẹni tó ríran ní kékeré ní Òjòkú kí ilẹ̀ẹ́gbóná tó dé, tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ igi, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé inú àpá pupa? Mo bi í títí. Mo bi í nígbà tó ń ṣàìsàn. Kò sọ. Ó lọ, kò sọ.

Mi ò gbà á gbọ́ títí dòní pé kò mọ àwọ̀ igi náà. Ọwọ́ tó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo èèyàn, nítorí kí wọ́n lè fún un ní ìyàwó… ayé ti yí padà. Àwọn káfíńtà òde òní ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún mi lójoojúmọ́, kò sì sí èyí tó ń fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí.