Rọ́bà Tí Mo Fi Pamọ́

Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, mi ò sì lè gbé e wọ sàréè. Tíṣà, ẹ rọra jókòó, ẹ gbé ọ̀pá yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jẹ́jẹ́, àbúrò ìyàwó mi, ìwọ náà jókòó, nítorí ìwọ ni mo ṣẹ̀ jù. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ pẹ̀lú.

Etí mi ti di kí ọkọ̀ Tíṣà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi tí wọ́n ń pè ní Elétí Ẹ́ńjìnnì, tí mo máa ń fi irin gígùn ti etí kí n tó mọ ibi tó ń ṣe ọkọ̀, ẹnu èèyàn ni mo ń wò kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Ojú ń tì mí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ní bí ọkọ̀ bá ti dúró lójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á fẹ́ kú, bíréèkì náà sì ti ń le lẹ́sẹ̀ òun. Àbí ẹ ò rí ayé mi! Ohun kan náà ló fa méjèèjì. Rọ́bà tó ti ara ẹ́ńjìnnì lọ ran bíréèkì lọ́wọ́ ló sán, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Mẹkáníìkì tó bá létí á gbọ́ ọ tó ń súfèé. Mo fi irin mi ti etí, mo mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo wá yí sìkúrù kan kí ẹ́ńjìnnì lè máa sáré sí i. Ẹ́ńjìnnì ò gbọ̀n mọ́. Mo ní Jẹ́jẹ́, tó ń tún bíréèkì ṣe nígbà náà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, pé ó máa rọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Tíṣà tẹ bíréèkì níwájú ògiri ilé ìwé, tí kò mú. Ọkọ̀ kọlu ògiri, ẹsẹ̀ òsì wọn ló bá a lọ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Èmi náà ni àwọn ọlọ́pàá ní kí n wá yẹ ọkọ̀ ọ̀hún wò. Mo rí rọ́bà tó sán, mo yọ ọ́ sápò, mo fi èyí tó dáa rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní, "Ẹ bi ẹni tó fọwọ́ kan bíréèkì kẹ́yìn."

Jẹ́jẹ́ wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́."

Mo wo ẹnu rẹ̀, ó yé mi yékéyéké, mo sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Láti ọjọ́ náà, síméńtì ló ń rù.

Rọ́bà náà rèé lórí tábìlì. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pé ẹni tí kò bá gbọ́, kó sọ pé òun ò gbọ́. Bí ẹ bá sì lè dárí jì mí, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Omi ojú ò jẹ́ kí n rí ẹnu yín mọ́. Ẹ kàn di ọwọ́ mi mú.