Èmi Ni Mo Bọ́ Àwọn Adìẹ Náà

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ìsìnkú wa, ikọ́ tí mò ń hú ti ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, oníṣègùn ò sì wo ojú mi mọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí òótọ́ yìí jáde kí ẹnu mi tó pa dé. Ẹ kà á láàárín ara yín nìkan, kí ẹ sì sun ún, torí mo ṣì ní ọmọ ní Romu níbí. Bàbá Tutiliu kọ́ ló bọ́ àwọn adìẹ mímọ́ lọ́dún ìdìbò yẹn. Èmi Numisiu ni.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Kí ará ìlú tó yan olórí méjì tí yóò ṣàkóso fún ọdún kan, a ó ju òkèlè ọkà sínú àgò. Bí àwọn adìẹ bá jẹ ẹ́ tí èérún ń bọ́ lẹ́nu wọn, àwọn òrìṣà ti fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Àwa tó ń tọ́jú wọn mọ̀ pé bí ebi bá ti ń pa wọ́n láti àná, wọ́n á jẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá Tutiliu, tó kọ́ mi níṣẹ́ láti ìgbà tí olówó mi ti dá mi sílẹ̀, kì í jẹ́ kí ebi náà pọ̀ jù. Á ní, ṣebí ó yẹ ká jẹ́ kí òrìṣà náà rí nǹkan kan sọ. Láràárọ̀, kó tó kí mi, yóò bi mí bóyá mo ti fún wọn lómi.

Lọ́dún yẹn, ọkùnrin tó ṣẹ́gun nínú ogun abẹ́lé ti sọ pé òun ti dá agbára padà fún ará ìlú. A pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ò kúrò nílùú. Ará ìlú fẹ́ yan Satriu, ẹni tó fa omi dé àdúgbò wa láìgba nǹkan kan. Ilé Ńlá lórí òkè, níbi tí ọkùnrin tó ṣẹ́gun yẹn ń gbé, ò fẹ́ ẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń fọ àgò, Hilaru dé, ẹrú tí Ilé Ńlá dá sílẹ̀, bí olówó mi ṣe dá èmi náà sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ìyàwó mi, ó dárúkọ ọmọ mi méjèèjì, bẹ́ẹ̀ n ò sọ orúkọ wọn fún un rí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn adìẹ yín mà rù o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yó kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́." Kò fún mi ní nǹkan kan. Ká ní ó fún mi ni, bóyá ǹ bá kọ̀. Rárá, irọ́ nìyẹn náà.

Mo rẹ ọkà bálì, mo fún wọn títí wọ́n fi ń wọ́ ara nílẹ̀. Láàárọ̀, Bàbá ju òkèlè sí wọn. Ọ̀kan wò ó, ó jókòó lé e. Alápatà kan sọ látẹ̀yìn pé kí wọ́n fi ọ̀bẹ hàn wọ́n, wọ́n á jẹun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tú wa ká. Mo tún bọ́ wọn lóru, bẹ́ẹ̀ náà sì ni nígbà kejì tí wọ́n pe ìdìbò. Nígbà kẹta, àwọn tó wá dìbò ò tó ìdajì mọ́, ẹ̀rín sì ti tán. Bàbá gbé adìẹ kan, ó fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó le bí òkúta. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Ọmọ mi, kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Èmi ò bọ́ wọn." Ó ní òun fún ẹni tó ṣe é ní ọjọ́ méjì kó lọ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á sọ ọ́ níwájú ará ìlú. Ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo lo ọ̀kan nínú rẹ̀ láti lọ bá Hilaru.

Kí ọjọ́ kejì tó pé, wọ́n ti mú Bàbá. Níwájú adájọ́, wọ́n bi mí pé ta ni mo rí nídìí àgò. Mo ní Bàbá Tutiliu ni, mo ní ó ń bá Satriu ṣọ̀tá. Hilaru ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti jáde, ohùn mi ò sì gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù títí dòní. Wọ́n ní kí Bàbá fèsì. Èmi ló kọjú sí.

"Numisiu," ó ní, "ṣé o ti fún wọn lómi lónìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N ò tíì fún wọn.

Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù olókùúta kan, ibẹ̀ ló kú sí nígbà òtútù kejì. Òfin ẹgbẹ́ wa ò gba orúkọ ọ̀daràn sínú ibojì. Ẹ rántí pé èmi náà nawọ́ sókè lọ́jọ́ tí a yọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà ìdìbò kẹrin lọ́dún yẹn, Satriu ti yọwọ́. Orúkọ tó ti Ilé Ńlá wá nìkan ni wọ́n kà. Mo ti febi pa àwọn adìẹ fún ọjọ́ méjì, wọ́n jẹun débi pé wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ará ìlú pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, a kì í béèrè ẹni tí a fẹ́ mọ́. Ẹni tí Ilé Ńlá fẹ́ là ń béèrè, ká tó wẹ̀ lọ dìbò. N ò sọ pé èmi ni mo gba ìlú lọ́wọ́ yín. Ogun ti gba èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó kù ni mo fi ọkà bálì gbà.

Ẹ ti gbẹ́ orúkọ mi sí ihò kejì lápá òsì ẹnu ọ̀nà ibojì wa, níbi tí ẹ ó gbé eérú òkú mi sí. Ẹ ha á kúrò. Ẹ gbẹ́ Tutiliu síbẹ̀, bí eérú rẹ̀ ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ gbé tèmi sí ibi tó bá wù yín lóde. Lọ́jọ́ ìrántí òkú, tí ẹ bá ń ta wáìnì sílẹ̀ fún un, ẹ má bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí. Ẹ kàn sọ fún un pé mo fún wọn lómi láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó kọ ìwé yìí.