Ìkòkò Fàúsátù Wà Lọ́dọ̀ Mi

Ẹ̀yin àgbà ilé wa, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọn yóò ka ìwé yìí sí létí, irọ́ tí mo pa ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn kò ní bá mi wọ sàréè. Dókítà ti sọ ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ mi fún mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn jẹ àkókò mi. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé sílẹ̀ kí ẹ tó ta Ilé Tútù. Orúkọ kan kò sí nínú ìwé yín. Èmi ni mo yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yọ ọ́, kí n tó dákẹ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọláṣùpọ̀ tí ẹ ń pè ní Ọ̀gá Ìlà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní ilé ìwé. Ìyókù, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ l'Ékòó lọ gba ẹ̀kọ́ lórí yíya àwòrán ilé. Odidi ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mo ń fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́, wọ́n ń fi yíǹkì pupa dá a padà: ìlà yìí kò tọ́. Bí mo ṣe kọ́ láti kórìíra ohun tó bá wọ́ nìyẹn, àti ohun tó bá ṣòfò. Pẹ́ńsùlù kan ni mò ń lò títí yóò fi kúrú ju èékánná lọ. Mo rò pé ìwà rere ni. Ó jẹ́ ìwà rere títí ó fi kan ènìyàn.

Ní 1975, ilé-iṣẹ́ kan wá láti Èkó. Wọ́n ní títì ńlá ń bọ̀ wá sí Ajah, pé àwọn fẹ́ kọ́ ọjà tí gbogbo ará Ikate títí dé Lakowe yóò máa ná, ọjà tí òjò kò ní pa ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀: ogójì ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, ọ̀nà gbọọrọ kan láàrin, ilẹ̀kùn gíláàsì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ̀rọ amúlétutù láti òkè. Oko àgbọn wa ni wọ́n fẹ́. Àdéhùn tí ẹ̀yin àgbà ṣe ni pé ọmọ ilé tí àgbọn ìbí rẹ̀ bá wà nínú oko náà yóò ní ṣọ́ọ̀bù kan, tòun tàrọ́mọdọ́mọ. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí ọsibítù lè má mọ èyí. Bí wọ́n bá bímọ nílé wa láyé ijọ́un, bàbá ọmọ ni yóò gbé ibi ọmọ náà sínú ìkòkò kékeré, yóò dojú ìkòkò náà délẹ̀, yóò gbin àgbọn lé e lórí. Igi yẹn ni ìwé ẹ̀rí ọmọ. Ẹ ka igi tí a mọ olóhun rẹ̀, ó jẹ́ ogójì, tèmi wà níbẹ̀. Mo ya ogún ṣọ́ọ̀bù sápá ọ̀tún, mo ya ogún sápá òsì. Ilé-iṣẹ́ wo àwòrán mi, wọn kò fi yíǹkì pupa kan ibì kankan. N kò sun ẹkún rí láti kékeré, ṣùgbọ́n mo sun ún lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Fàúsátù dé láti Àgbádárìgì, níbi tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ gbé. Ọmọ Kàsímù agbẹ́kọ̀ ni. Ó nawọ́ sí igi kan ní ìpẹ̀kun oko, lẹ́bàá ọ̀sà, ó ní, "Tèmi nìyí." Ó di igi kọkànlélógójì. Bàbá Tàjùdéèn, olórí ẹbí wa, mi orí. "Kàsímù bá omi lọ kí ọmọ yìí tó mọ ìrìn. Ìyá rẹ̀ náà ti kú. Ta ló rí Kàsímù nígbà tó ń gbin igi?" Obìnrin kan lẹ́yìn wa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé oyún rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbé wọ̀lú. Bàbá Tàjùdéèn ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé. Ìkòkò kì í parọ́." Fàúsátù rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbẹ́ ẹ, bàbá. Ẹ sáà mú ṣọ́bìrì tó mú dání." Ó yíjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá Ṣùpọ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń wọlé ni kí ẹ ya ṣọ́ọ̀bù tèmi sí o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rúlà wọn ẹ̀bà kí ẹ tó bù ú!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ogójì pín sí méjì, ọ̀kànlélógójì kò pín. Ṣọ́ọ̀bù kan yóò yọ síta bí eyín gan-n-gan, wọn yóò dá àwòrán mi padà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdí rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo yín wà ní mọ́ṣáláṣí, èmi àti Gàníyù, olórí àwọn bíríkìlà, lọ sí ìdí igi náà. A gbẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ gbòǹgbò. Kò pẹ́ tí a fi kan ìkòkò náà. Ó wà pátápátá, kò là, kò sán. Lára rẹ̀ ni Kàsímù fín àmì tó máa ń fín sí imú ọkọ̀ rẹ̀ sí: ojú ẹja kan àti ìlà mẹ́ta. Gàníyù gbé ṣọ́bìrì sókè. "Ọ̀gá, ṣé kí n fọ́ ọ?" Mo ní kó má fọ́ ọ. Ó wò mí. "Tí ẹ kò bá fẹ́ kí n fọ́ ọ, kí ló dé tí ẹ ní kí a hú u?" Mo fi aṣọ iṣẹ́ mi wé e, a sì da ìyanrìn padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbẹ́, ẹ kò rí nǹkan kan. Bàbá Tàjùdéèn tẹ ìyanrìn náà wò, ó ní, "Ilẹ̀ yìí rọ̀. Ọláṣùpọ̀, ìwọ ni o ń ṣọ́ oko. Ṣé ẹnì kan ti gbẹ́ ibí?" Mo ní, "Akan ni, bàbá. Ìdí àgbọn ni wọ́n ń gbé." Gbogbo yín gbà, nítorí òótọ́ ni pé ìdí àgbọn ni akan ń gbé. Fàúsátù gba ṣọ́bìrì, ó ń gbẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń gbẹ́ títí omi fi sun kan kókósẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ìgbà tó gòkè, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

A ṣí ọjà náà ní 1977, ẹ sọ ọ́ ní Ilé Tútù. Ẹ rántí bí àwọn ará Lakowe ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí ti mọ́ṣáláṣí. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó. Fàúsátù, tí ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà náà, gbé àtẹ ẹja díndín wá sí iwájú ilẹ̀kùn, nínú oòrùn. Láràárọ̀, bí mo bá ń ṣílẹ̀kùn, yóò kí mi: "Ọ̀gá Ìlà, ṣé ó ṣì tọ́?" Ẹ̀fẹ̀ ló fi ń ṣe. Kò mọ nǹkan kan. Ní 1981, ó wọlé wá bá mi, ìgbà àkọ́kọ́ tó tẹ ilẹ̀ yẹn nìyẹn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ dání. "Bọ̀ọ̀dá Ṣùpọ̀, kì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ mọ ẹni tó bí mi ni. Ẹ̀yin lẹ mọ oko yẹn. Akan ni lóòótọ́?" Àpótí tí mo gbé ìkòkò náà pamọ́ sí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Akan ni, Fàúsátù." Ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ẹ mọ ìyókù. Jẹnẹrétọ̀ kú ní 1984, n kò sì ya fèrèsé kankan sí ilé náà nítorí pé amúlétutù kò fẹ́ fèrèsé. Ilé Tútù di ààrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọlọ́jà gbé tábìlì wọn síta, tí wọ́n lọ jókòó ti Fàúsátù nínú afẹ́fẹ́. Èmi nìkan ló kù nínú ilé. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ara gíláàsì. Láàárọ̀, mò ń gbálẹ̀ tí ẹnì kan kò tẹ̀, mò ń kọjá níwájú ogójì ilẹ̀kùn tí a tì, ìró ẹsẹ̀ mi sì ń dá mi lóhùn.

Ní òjò tó kọjá, Fàúsátù kú. Làtífátù ọmọ rẹ̀ wá sí ìpàdé wa, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun sin ìyá òun sí ẹ̀yìnkùlé Kàsímù. Ẹ ní ilé kì í sin àlejò sí àárín àwọn ọmọ. Mo wà níbẹ̀. Ẹ bi mí léèrè èrò mi. Mo ní ohun tí àgbà bá sọ ni. Wọ́n gbé e lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, sí ilẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Mo lè wá àwáwí fún irọ́ àkọ́kọ́, kí n pè é ní wèrè ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ti ọjọ́ yẹn, kò ní orúkọ.

Ìkòkò náà wà lórí àga nínú yàrá mi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nọ́ńbà ogún. Ẹ tẹ̀ lé Làtífátù gbé e lọ sí etí omi, ẹ fi wé imú ọkọ̀ ògbólógbòó Kàsímù tó dojú délẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ Fàúsátù àti ti Làtífátù. Ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹ fún Làtífátù. N kò bẹ̀ yín fún àforíjì, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀ jù. Làtífátù ni mo ń bẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó lè kọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí ìlà yín bá kan ènìyàn, ìlà náà ni kí ẹ tẹ̀.

N kò ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́. Kí Làtífátù fúnra rẹ̀ wá gbé ìkòkò náà. Tó bá dé, kó má bọ́ bàtà.