Ẹnì Kejì Nínú Iṣẹ́ Náà

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń ti Ìbà lọ sí Okokomáíkò ni mo wà, tí obìnrin kan tó wọ sùtánà funfun fi na fóònù sí àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í.

"Bá mi ka èsì òyìnbó yìí. Òun ni mo kọ pùròpósà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kó gbé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún mi."

Àbúrò kà á. "Àǹtí, kí lẹ kọ gan-an?"

"Mo ní èmi àti Ọlọ́run la máa ṣe é."

"Ó ní ṣé owó tẹ́ ẹ pè yẹn, ti ẹnì kejì yín ti wà nínú ẹ̀."

Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká yọ Ọlọ́run kúrò níbẹ̀, Àǹtí."

"Kí n yọ ta ni? Gbogbo èyí tí mo kọ bó o ṣe kọ́ mi, tí Ọlọ́run ò sí nínú ẹ̀, ta ló dá mi lóhùn?"

Àbúrò mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ fún òyìnbó náà pé Ọlọ́run kì í gbowó."

Àǹtí wo sùtánà ọrùn rẹ̀, ó wo fóònù. "Má purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ìdámẹ́wàá ńkọ́?"