Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Gúnlẹ̀

Obìnrin méjì ló wà níwájú mi bí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, èyí àgbà sì ń bínú.

“Ìwé ìtàn tó o ń kọ nípa ìwọ àti ọmọbìnrin mi, kí ló dé tí kò parí?”

“Ẹ má bínú, mà. Mo ti kọ bá a ṣe jọ ń pọnmi l'Ájégúnlẹ̀, àti bó ṣe yá ìró mi tí kò dá a padà.”

“Olójúkòkòrò ọmọ!” Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Kí ló wá kù?”

“Ọjọ́ ikú rẹ̀. A wọ ọkọ̀ níbí lọ sọ́sibítù kó lè bímọ. Nínú ìwé, a ṣì wà lórí omi. Mi ò lè jẹ́ kí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀.”

“Ṣé inú ìrọbí lo wá fi ọmọ mi sí látọjọ́ yìí? Jẹ́ kó gúnlẹ̀, kó lọ sinmi.”

Ọkọ̀ tiwa dé. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń gúnlẹ̀, wọn ò wọ̀ ọ́.