Ọjọ́ Tí Iná Lé Wa Nínú Oko Ọkà Bàbà

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run, ará. Ẹsẹ̀ méjèèjì tí mo fi dúró níwájú yín yìí, iná ti tọ́ wọn wò. Ẹ yin Olúwa!

Àwọn tí a jọ ń gbé ní Àgùdà mọ̀ mí sí Bùrọ̀dá Oníkẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé mò ń tà á o. Gígùn ni mo fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo ń tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀, tí mo sì ń tún un tò, títí mo fi mọ iṣẹ́ gbogbo nọ́ọ̀tì ara rẹ̀. Èyí tí mo ń gùn nígbà náà, tòkúnbọ̀ ni, Ọ̀yìngbò ni mo ti rà á. Gíà mẹ́wàá ló ní. Mo tiẹ̀ pààrọ̀ irin eléyín tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn, mo fi eléyín méjìdínlọ́gbọ̀n sí i kí ó lè fúyẹ́ lórí òkè. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé mọ́tò ló tán nílẹ̀ Nàìjíríà ni?"

Èmi àti Súlè, aránṣọ kan ní Mushin, ni a jọ rin ìrìn àjò tí mò ń sọ yìí. Mùsùlùmí ni, àbúrò ni mo sì mú un. A gun kẹ̀kẹ́ láti Surulere dé Abẹ́òkúta, a tibẹ̀ dé Ìséyìn. Lọ́jọ́ kẹta, Òkè-Ihò là ń lọ, nínú ọyẹ́. Àwọn tírélà ń fẹ́ wa dà sí kòtò, ni mo bá ní kí a yà kúrò lórí títì, kí a gba ọ̀nà oko.

Ará, ilẹ̀ yẹn tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ ni. Wọ́n ti kórè ọkà bàbà, pòròpórò gbígbẹ ló kù lọ́tùn-ún lósì. Kò sí igi, kò sí ilé. Afẹ́fẹ́ ń ti ọwọ́ ọ̀tún gbá wa. Orí gíà tó fúyẹ́ jù ni mo wà, síbẹ̀ ńṣe ló dà bíi pé mò ń gun kẹ̀kẹ́ nínú iyanrìn.

"Ẹ̀gbọ́n," Súlè pè mí, "ìdí mi ti kú o."

"Gun kẹ̀kẹ́ ẹ jàre."

"Ẹ̀yin lẹ ní ìgbádùn ni!"

Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán lẹ́nu wa tí èéfín fi ṣú lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn ọkùnrin kan yọ nínú rẹ̀, ìbọn lọ́wọ́, àdá lọ́wọ́, wọ́n ń ju apá, wọ́n ń kígbe. Afẹ́fẹ́ ń já ohùn náà gbà lẹ́nu wọn. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Ẹrù! Ẹrù!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ń rí l'Ékòó. Ẹni tó gbé ìbọn, tó ń pe ẹrù, ṣé ó tún yẹ kí n bi í léèrè ohun tó fẹ́?

"Súlè, olè ni o! Yà sósì!"

A já wọ àárín pòròpórò. Kùkùté wọn ń gún táyà, ṣéènì ń lu férémù, mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Bí a ti ń sá ni igbe náà ń pọ̀ sí i. Mo bojú wẹ̀yìn. Jésù! Iná! Ó nà bí ògiri, ó ń ta pàrà pàrà, afẹ́fẹ́ ń tì í bọ̀ lẹ́yìn wa gan-an. Mo rò pé àwọn olè náà ló tiná bọ oko kí a má baà ríbi sá sí.

Táyà Súlè bẹ́, ó ṣubú. Mo ju kẹ̀kẹ́ tèmi sílẹ̀, mo fà á dìde. Níwájú wa, koríko gbígbẹ tó ga jù wá lọ. Lẹ́yìn wa, iná. Lẹ́yìn iná, ìbọn.

Súlè ń pe Ọlọ́run lọ́nà tirẹ̀, èmi ń pè é lọ́nà tèmi. Mi ò lè gbàdúrà gígùn. Mo kàn ní, "Olúwa, mi ò mọ ibi tí n ó gbà. Sọ fún mi."

Ará, afẹ́fẹ́ yẹn rọlẹ̀! Fún ìgbà díẹ̀ péré. Ohùn bàbá kan wá wọ etí mi ketekete: "Eérú! Ẹ bọ́ sínú eérú!"

Kì í ṣe ẹrù. Eérú! Ilẹ̀ tí iná ti jó kọjá, tí kò ní ohun tí yóò tún jó mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí mo pè ní olè dúró sí.

Mo yí Súlè padà.

"Ẹ̀gbọ́n, inú iná lẹ ń lọ yẹn!"

"Di ọwọ́ mi mú!"

Ibì kan wà tí pòròpórò kò pọ̀, iná ibẹ̀ kò ju orókún lọ. A fa ṣẹ́ẹ̀tì bojú, a sì sáré là á kọjá. Irun ẹsẹ̀ mi jó, ìsàlẹ̀ bàtà mi yọ́. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ dúdú. Ó gbóná, ṣùgbọ́n a wà láàyè. Afẹ́fẹ́ tún dìde, koríko tí a fi sílẹ̀ sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, gbòlà!

Ọdẹ ni wọ́n. Ọ̀yà ni wọ́n fẹ́ fi iná lé jáde, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá tó pè wá da omi sí wa lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni? Eérú, eérú, ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya!"

Mo sọ ohun tí mo gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹrù wo la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín? Aṣọ tó rùn fún òógùn yìí?"

Kẹ̀kẹ́ méjèèjì jóná, férémù àti rímù nìkan la bá. Mi ò sunkún rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní ni pé gbogbo agbára mi ni mo fi ń sá fún ohùn tó ń pè mí sí ìyè. Ká ní Ọlọ́run kò di afẹ́fẹ́ yẹn mú ni, èmi kọ́ ni ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lónìí.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó! Ẹ̀mí méjì ló jáde ní Surulere, ẹ̀mí méjì ló padà wọlé. Ògo ni fún Ọlọ́run tó là mí létí!